Ìborùn Ọmọ Ìyá Mi

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ. Ẹni tó ń wá oògùn lóru mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ẹni tó bá ń wá a lọ́sàn-án, tí oòrùn ń ta á látàrí, ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń lọ gbà. Bí ti ìyá Lọ́yà Kékeré ṣe rí nìyẹn. Ó ń lọ níwájú, ó ń ju apá, ó ń kí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ń wo ilẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Lọ́yà Kékeré nínú ẹbí. Bó bá fọ́ abọ́, yóò ro ẹjọ́ títí abọ́ yóò fi jẹ̀bi. Nígbà tó wá ka ìwé òfin jáde lóòótọ́, orúkọ ẹ̀fẹ̀ di orúkọ gidi, gbogbo ilé sì ń retí ọ́fíìsì tí yóò gbà á síṣẹ́. Wọ́n retí, retí, ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni obìnrin tí wọ́n ń lọ bá ń gbé. Ìyá Abẹ́ Àtẹ̀gùn ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, àbúrò bàbá ìyá Lọ́yà Kékeré sì ni. Ẹbí ni. Ta ni wọn ì bá tún lọ bá? Yàrá náà ga níwájú, ó wá ń rẹlẹ̀ lọ sẹ́yìn, débi pé ẹni tó bá jókòó sí igun ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tẹrí ba bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi Lọ́yà Kékeré sí. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń gòkè, orí rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

"Àbúrò mi ni mo bá wí," ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Dádì Lọ́yà tiwa náà ni. Òun wà lára àwọn tó ni ọ́fíìsì lọ́yà tó pe ọmọ mi fún íntáfíù. Mo ní kó ran ọmọ mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó wá bí gbogbo ọmọ aráyé ṣe ń wá. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ní ẹbí lára àwa tá a jókòó, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Màá dìde, màá jáde, àwọn tó kù á gbọ́ tẹnu ẹ̀. Òfin wa nìyẹn.' Kó jáde! Ẹ̀yìn mi yìí ló sùn sí títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Èmi fi ilé ìwé sílẹ̀ kí òun lè rí i lọ. Ọmọ mi wá fẹ́ wọlé, òun fẹ́ jáde?"

Ìyá Abẹ́ Àtẹ̀gùn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó mú ìgò kékeré kan tí ẹ̀bu dúdú wà nínú rẹ̀.

"Oògùn yìí kò ní orúkọ gígùn," ló wí. "Tèmi-ni ló ń jẹ́. Ẹni tó bá lá a, tó bá wọlé tọ ẹbí rẹ̀, ẹbí yẹn ò ní lè jáde. Ìdí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àga. Á la ẹnu, 'Tèmi ni' ni ohun tó máa bá ẹnu rẹ̀ jáde, àwọn yòókù á sì gbà. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, ìwọ ọmọ yìí, sọ òótọ́. Oògùn ló máa jókòó tì í, kì í ṣe irọ́ rẹ."

"Ẹ ṣé, Mà," ni Lọ́yà Kékeré wí, ó ń wo eékún ara rẹ̀.

"Àwọn mélòó ni wọ́n pè?"

"Wọ́n ti já gbogbo wọn dànù," ni ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ó ku òun àti ọmọbìnrin kan. Ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n fẹ́ mú. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé."

Ẹnìkan ń gòkè àtẹ̀gùn lákòókò yẹn. Bí ìyá ti mẹ́nu kan ọmọbìnrin náà, ẹsẹ̀ ọ̀hún dúró, ní ọ̀kánkán orí Lọ́yà Kékeré. Ìyá Abẹ́ Àtẹ̀gùn gbójú sókè, ó tẹ́tí.

"Ẹ mú nǹkan rẹ̀ wá," ló wí jẹ́jẹ́. "Nǹkan tó ń fara kan ọ̀fun rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní í pa á. Ohùn rẹ̀ la máa bá a gbé pa mọ́. Lọ́yà tí kò lóhùn, kí ló fẹ́ fi ṣe ẹjọ́?" Ó gbé ìgò lé ọwọ́ Lọ́yà Kékeré, ó sì di ọwọ́ náà mú. "Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Ẹni tó bá lá a kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹni tó bá pè é ní tirẹ̀. Ẹni tó bá sẹ́ ẹnìkan, gbogbo wọn ló sẹ́."

Ìyá Lọ́yà Kékeré rẹ́rìn-ín. "Ta ni ọmọ mi fẹ́ sẹ́?"

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ tó dúró lókè tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò gòkè mọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn.

*

Adúmáadán ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pe ọmọbìnrin kejì, nítorí pé ó dú, ó sì ń dán. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kàwé ni wọ́n ti jọ ń gbé. Nígbà tí ibà dá Lọ́yà Kékeré dùbúlẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, Adúmáadán ló ń ka ìwé sí i létí títí oorun fi ń gbé e lọ. "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi" ló máa ń pè é. Nísinsìnyí, wọ́n jọ ń múra íntáfíù kan náà, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè bí adájọ́ ṣe ń bi ẹlẹ́rìí. Bí Lọ́yà Kékeré bá gbàgbé ìdáhùn, Adúmáadán a rán an létí. Ẹni tá a fẹ́ lù ló ń bá wa ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Ó ní ìborùn aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tí etí rẹ̀ ti ń tú. Atẹ́gùn fáànù kì í bá ọ̀fun rẹ̀ lára mu, torí náà kò lè kàwé láìwé e mọ́rùn. Ara ìṣó ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló máa ń fi í kọ́ bó bá fẹ́ sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Adúmáadán sùn, ó kọjú sí ògiri. Lọ́yà Kékeré dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó nawọ́, ó ká a kò. Ó tún nawọ́. Ìborùn náà ṣì ń rùn bí ìpara ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fà á bọ́ lára ìṣó, okùn kan já, ìró rẹ̀ sì dún létí rẹ̀ bíi pé ilé ló wó. Adúmáadán kò yíjú padà. Lọ́yà Kékeré ki ìborùn bọ àpò, ó jáde, ó sì rìn dé ìsàlẹ̀ kó tó rántí pé òun ò wọ bàtà.

Ìyá Abẹ́ Àtẹ̀gùn gé igun kan lára ìborùn náà, ó ta á ní kókó, ó sọ ohun kan sí i tí etí kò gbọ́. Ó dá èyí tó kù padà. "Jẹ́ kó wà nínú àpò rẹ lọ́jọ́ náà," ló wí. "Bó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, ohùn á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ti Lọ́yà Kékeré kò tilẹ̀ tó àrán. Aṣọ tó ń tú létí ni, ó sì wúwo lápò rẹ̀ bí òkúta.

*

Ohùn Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó kọ́kọ́ rò pé òtútù ni. Ó mu omi gbígbóná, ó fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun, ohùn náà ń lọ sílẹ̀ sí i ni, bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Ó wá ìborùn rẹ̀ títí, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo inú aṣọ tí wọ́n fẹ́ fọ̀.

"O ò bá mi rí ìborùn mi?" ló bi Lọ́yà Kékeré.

"Rárá o. Àbí o gbàgbé rẹ̀ síbì kan ni?"

Adúmáadán wò ó, ó wo ìṣó ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. "Bóyá ni," ló wí.

Láti ìgbà yẹn ni òrùka idẹ kan ti wà ní ìka rẹ̀. Lọ́yà Kékeré kò rí i rí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ: bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú yàrá náà nìyẹn, ìwé wà níwájú wọn, kò sí ẹni tó ń kà á. Nígbà tó pẹ́, Lọ́yà Kékeré kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Òrùka wo nìyẹn?"

"Ìyá àgbà mi ló ní kí n máa wọ̀ ọ́," ni Adúmáadán dáhùn. Èémí ló fi sọ ọ́, torí ohùn kò sí níbẹ̀. "Wọ́n ní ayé ti le."

"Kí ló ń ṣe?"

Adúmáadán rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dún. "Kò ṣe nǹkan kan jàre. Wọ́n kàn ní bí mo bá rí ẹni tó ń ṣe mí níbi, kí n má bá a jà. Kí n yí òrùka yìí, kí n máa pè é ní ọmọ ìyá mi. Wọ́n ní ibi kì í mọ ọmọ ìyá méjì yà. Èyí tó bá wá sọ́dọ̀ ọ̀kan lè ṣìnà sọ́dọ̀ èkejì." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ó yá, ọmọ ìyá mi, bi mí ní ìbéèrè."

Lọ́yà Kékeré wo ìka rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lábẹ́ ìwé, kò sì mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Adúmáadán kò pè é ní ọ̀rẹ́ẹ̀ mi mọ́.

*

Àárọ̀ ọjọ́ íntáfíù, Lọ́yà Kékeré kọ́kọ́ ya ilé ìyá rẹ̀ láti lá oògùn. Ìyá rẹ̀ bu omi fún un nínú ife tánganran tó ti ha létí, èyí tó ti ń lò láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Àwọn ife onígíláàsì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìyá sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó mú ọ̀kan níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ọmọ ilé kì í fi ife àlejò mumi. Ṣé àlejò ni ọ́?"

"Màámi," ló wí, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí n dá ìborùn yẹn padà fún un. Ojú ń tì mí. Mi ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́."

"Ojú ń tì ọ́? Ìgbà tí mo ń bẹ ọmọ tí mo gbé pọ̀n, ṣé ojú kò tì mí? Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Òrùka tí o sọ pé ó ń wọ̀ yẹn, ṣé fún ẹwà ni?" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi pé ó ṣì kéré. "Ìwọ nìkan ni mo ní. Lá a, ọmọ mi."

Ó lá a. Ó korò, ó sì tutù bí irin. Ó fi omi inú ife tánganran sìn ín lọ sísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ bá ibi tó ti ha, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bá a.

*

Òkè pátápátá ilé onígíláàsì kan ni ọ́fíìsì náà wà. Ibi tí wọ́n ti ń dúró tutù bí inú fíríìjì, àwọn àga aláwọ sì ń ké bí èèyàn bá yí ìdí. Adúmáadán ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ó fọwọ́ kan Lọ́yà Kékeré léjìká, ó wọlé.

Lọ́yà Kékeré tẹ́tí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́ ohùn Adúmáadán, kò sì gbọ́ tàwọn tó ń bi í léèrè. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ìborùn tó wà nínú àpò rẹ̀ gbóná lójijì, bí aṣọ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lọ́rùn. Ó gbé àpò náà kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó tún gbé e padà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Adúmáadán jáde, òógùn wà ní iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn. "Ó kàn ọ́, ọmọ ìyá mi," ni ètè rẹ̀ wí.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó: obìnrin kan tó jẹ́ alága, ọkùnrin onítáì pupa kan, àti Dádì Lọ́yà. Àbúrò ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i, ẹ̀rín ẹbí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti ń múra àtidìde. Lọ́yà Kékeré rí i. Ọkùnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé e pé òótọ́ ni yóò sọ.

"Ẹni tó jáde yìí," ni alága bẹ̀rẹ̀, "ohùn rẹ̀ ti há. Ńṣe la sún mọ́ ọn, tá a dákẹ́ rọ́rọ́, ká tó lè gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí àwa lọ́yà ti dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni báyẹn." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. "A bi í bóyá ó ní ẹbí níbí. Ó ní òun ní. Ó ní ìwọ tó jókòó síta, ọmọ ìyá òun ni ọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Gbogbo ohun tó kọ́ nínú ìwé òfin ló sáré wá sí i lórí. Lábẹ́ òfin, ọmọ ìyá ni ẹni tí inú kan náà bí. Ẹyọ ẹnìkan ni wọ́n fẹ́ mú. Kí ni wọn yóò máa so òun mọ́ ẹni tí òun ń bá dupò fún?

"Rárá, Mà. Ìyá wa yàtọ̀, bàbá wa yàtọ̀. A kàn jọ ń gbé yàrá ni."

"O sẹ́ ẹ nìyẹn?" ni onítáì pupa fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Mo sẹ́ ẹ, Sà."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde tán ló gbọ́ ọ. Orí rẹ̀ wú. Lókè wọn, níbi tí kò sí àjà kankan mọ́, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Láàárín àwa tá a jókòó síbí yìí ńkọ́?" ni alága bèèrè. "Ṣé o ní ẹbí?"

Dádì Lọ́yà ti nàró dé ààbọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ìdí rẹ̀ ti kúrò lórí àga. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà: ohun tó kù kó sọ nìyẹn. Oògùn ni yóò ṣe èyí tó kù. Ṣùgbọ́n bí oògùn kò bá jẹ́ ńkọ́? Bó bá jáde lóòótọ́, tó fi òun sílẹ̀ fún àwọn méjì tí wọ́n ti dákẹ́ fún Adúmáadán? Lọ́yà Kékeré kò gbọ́kàn lé oògùn, kò gbọ́kàn lé ọpọlọ ara rẹ̀, kò sì gbọ́kàn lé òótọ́. Ẹni tí kò gbọ́kàn lé nǹkan kan, irọ́ ló máa ń kù sí i lọ́wọ́.

"Rárá, Mà," ló wí. "Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí."

Àbúrò ìyá rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀, kò jókòó, kò dìde. Ojú tì í fún un. Lọ́yà Kékeré rí ìtìjú náà lójú rẹ̀ kedere, ó sì wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà jókòó padà, ìtìjú náà sì parẹ́. Kò sí ìbínú tó rọ́pò rẹ̀. Nǹkan kan kò rọ́pò rẹ̀. Ojú tó fi wò ó wá dà bí ojú tí èèyàn fi ń wo ẹni tó ń kọjá lójú pópó.

"Bí oníbàárà rẹ bá parọ́ nílé ẹjọ́," ló bi í, "tí ìwọ sì mọ̀, kí lo máa ṣe?"

Ó dáhùn. Ó dáhùn dáadáa pẹ̀lú. Ó ní òun yóò rọ̀ ọ́ kó padà lọ sọ òótọ́, pé bí kò bá gbà, òun yóò yọwọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀, pé òun kò ní í fi orúkọ òun bo irọ́ mọ́lẹ̀.

"O sọ̀rọ̀ dáadáa," ni Dádì Lọ́yà wí. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bí àgbà ṣe ń wo ọmọ ọlọ́mọ. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó rò pé ó ń ṣeré ni. Ó wá ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀, kò rí i.

*

Wọ́n pe àwọn méjèèjì wọlé láti sọ ibi tí wọ́n fì sí. Dádì Lọ́yà kò jẹ́ kí alága sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó gbé ọwọ́ lé Adúmáadán léjìká, omi sì dé ojú rẹ̀.

"Tèmi ni," ló wí. "Tèmi ni èyí. Ẹ ò rí i bó ṣe jọ ìyá mi!"

"Sà, ẹ fara balẹ̀," ni alága wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wa la mú un."

Lọ́yà Kékeré bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì Lọ́yà," ló pè é. "Dádì Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́."

Ọkùnrin náà yíjú padà kíá. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún un yín?" ló bèèrè. "Àwọn ẹbí mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Lọ́yà Kékeré kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, àwọn akọ̀wé ń wò ó. Àbúrò ìyá rẹ̀ rọra yà fún un, ó ń ṣọ́ra kí ẹsẹ̀ òun má bàa kàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Lọ́yà Kékeré kò dúró de Adúmáadán. Ó sáré dé ilé ìyá rẹ̀, oòrùn ṣì wà lókè. Bó bá ti lè gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, kó sunkún, gbogbo rẹ̀ yóò yanjú. Ìyá kan kì í sẹ́ ọmọ. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ̀ ṣí i. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàsán o. Ta lẹ ń wá?"

Ìyá rẹ̀ ń pè é ní ẹ. Kò sí ohun tó ti gbọ́ láti òwúrọ̀ tó gún un tó lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn. "Màámi, èmi ni," ló wí. "Èmi ni. Lọ́yà Kékeré."

"Lọ́yà?" Ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. "A ò pe lọ́yà o. Àwa ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́."

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn rẹ̀. Adúmáadán ló dé, ó ń mí helehele, ó ti ń sáré tẹ̀ lé e láti ọ̀nà. Ojú ìyá tàn bí iná tí wọ́n tàn.

"Ọmọ mi! O ti dé! Ṣé wọ́n gbà ọ́?" Ó gbá a mọ́ra. Orí èjìká Adúmáadán ló ti wá tún wo àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta nìyí? Ṣé o mọ̀ wọ́n?"

Adúmáadán yíjú sí Lọ́yà Kékeré. Èémí ló fi sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. "Kí ni kí n sọ fún wọn pé o jẹ́ sí mi?"

Lọ́yà Kékeré ki ọwọ́ bọ àpò. Ó mú ìborùn náà jáde, igun rẹ̀ kan ti di gígé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, kò lè gbójú sókè. Ọmọ tó máa ń ro ẹjọ́ títí abọ́ yóò fi jẹ̀bi, kò ní ẹjọ́ kankan láti rò mọ́.

"Sọ pé olè ni mí," ló wí. "Olè ni mí, Adúmáadán."

Adúmáadán gba ìborùn, ó wé e mọ́rùn, ó sì mí kanlẹ̀. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti padà, ó mọ́ gaara.

"Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o mú un," ló wí. "Mi ò sùn. Mo rò pé òtútù ló ń mú ọ."

Lọ́yà Kékeré wo ojú rẹ̀, bóyá yóò rí àánú níbẹ̀ tàbí ẹ̀san. Kò mọ èyí tó rí. Ohun tó rí ni ọwọ́ rẹ̀, tó ń yí òrùka idẹ náà lọ, tó ń yí i bọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wọlé," ni Adúmáadán wí. "Ọmọ ìyá mi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ dákun, ẹ máa wọlé. Ẹ ò tètè sọ̀rọ̀!" Ìyá fi í jókòó sórí àga tó dára jù, ó nu eruku ibẹ̀ kó tó jókòó. Ó wá kọ́kọ́rọ́ níbi tó máa ń fi í pa mọ́ sí. Lọ́yà Kékeré gbọ́ nígbà tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti inú kíṣìnnì, ó gbọ́ ife tánganran tó kan ìkòkò omi, Adúmáadán sì ń mumi níbẹ̀ gbìgbì, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ gbé ife onígíláàsì wá lórí àwo pẹlẹbẹ, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì tẹrí ba díẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún un.

"Ẹ mumi," ló wí. "Ẹ má tijú. Ẹ ṣe bí ọmọ ilé."